Èédú àti Afẹ́fẹ́: Ibo Ni Amóníà Yìí Ti Wá?

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi oko sílẹ̀ láti Àkànràn àti Ìdó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú òjò. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe ní ìlú Ìbàdàn yìí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ìwádìí fún oyè: bí a ṣe lè fi èédú àti iná mànàmáná sọ afẹ́fẹ́ di amóníà, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo tún kọ sílẹ̀ síhìn-ín, nítorí àwọn tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n lè dé.

Mo mú nǹkan méjì dání wá. Àkọ́kọ́ ni ewé àgbàdo. Àárọ̀ yìí ni mo já a ní oko kan lẹ́bàá Mọ́níyà. Ewé ìsàlẹ̀ ni. Ẹ rí i pé láti ṣóńṣó rẹ̀ ló ti ń pọ́n, ìpọ́n náà sì ń gba àárín ewé wọlé lọ sí ìdí, nígbà tí etí ewé lọ́tùn-ún lósì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ máa ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣá. Náítírójìn, ọ̀kan nínú oúnjẹ ewéko, ni kò tó àgbàdo náà. Ìdí tó fi jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n ni pé àgbàdo ń gba oúnjẹ lẹ́nu ewé àgbà kó lè fi bọ́ ewé ọmọ tó ń yọ lókè.

Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó yí àgbàdo náà ká, náítírójìn ló kún inú rẹ̀. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ìpín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, 78 jẹ́ náítírójìn. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, afẹ́fẹ́ tó dúró lé e lórí títí dé òkè ọ̀run wúwo tó tọ́ọ̀nù 10, èyí tó sì ju tọ́ọ̀nù 7 nínú rẹ̀ jẹ́ náítírójìn. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Àgbàdo wa ń gbé etí odò, itọ́ ló sì fi ń bọ́jú, nítorí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, wọ́n sì di ara wọn mú ní ìdì mẹ́ta. Bí ẹ bá wọn gíráàmù 28 péré nínú rẹ̀, agbára tí yóò já gbogbo ìdì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlójúùlù 941. Ìdì tó le tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé. Mànàmáná ojú ọ̀run lè já a; ìdí nìyẹn tí omi òjò fi máa ń gbé náítírójìn díẹ̀ bọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àgbàdo kò ní agbára rẹ̀.

Nǹkan kejì tí mo mú wá nìyí: gbòǹgbò ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílẹ̀ kí n tó fi ọkọ́ hú u jẹ́jẹ́. Àwọn kókó róbótó-róbótó tó lẹ̀ mọ́ ọn lára yìí kì í ṣe àrùn. Ẹ jẹ́ kí màmá tó jókòó síwájú bá wa fi èékánná la ọ̀kan. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ wo inú rẹ̀ bó ṣe pupa bí ẹran tútù. Kókó tí inú rẹ̀ bá pupa báyìí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tó ti di aláwọ̀ ewé, yálà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó mú un pupa jọ èyí tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa. Ọ́síjìn ló ń gbá mú, kí ó má baà ba ẹ̀rọ tó wà nínú kókó náà jẹ́.

Ẹ̀rọ wo? Àwọn bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú kókó náà. Ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń já ìdì náítírójìn fún ẹ̀wà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di amóníà, nínú ilẹ̀ tútù, láìsí iná, láìsí ariwo. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé kéré débi pé ènìyàn lè ka átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di í: irin méje, imí ọjọ́ mẹ́sàn-án, mólíbídẹ́nọ́ọ̀mù kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé átọ́ọ̀mù kékeré kan tún wà láàárín gbùngbùn wọn, tí wọn kò sì lè sọ ohun tó jẹ́. Ọdún 2011 ló tó hàn gbangba. Kábọ́ọ̀nù ni. Ìdílé kan náà ni òun àti èédú tí ẹ fi ń yan àgbàdo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dìde kúrò lórí àga.

Kí ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni bakitéríà náà ń ṣe. Owó agbára tó ń san wọ́n, ó sì tún máa ń ṣèèṣì sọ díẹ̀ nínú agbára náà di gáàsì háídírójìn tí kò wúlò fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ háídírójìn yìí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Ọ̀nà tí ọmọ aráyé ń gbà lónìí yàtọ̀. Ní ọdún 1909, ní ìlú Karlsruhe lórílẹ̀-èdè Jámánì, Fritz Haber fi hàn pé bí a bá fún náítírójìn àti háídírójìn pọ̀ gidigidi nínú ooru, tí irin kan tó bá wọn mu sì wà níbẹ̀, amóníà yóò máa kán tó-tó-tó. Carl Bosch ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Alwin Mittasch àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ dán ohun tó ju 2,000 wò kí wọ́n tó rí irin tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oppau ní 1913. Epo tí wọ́n fi ń dín àkàrà ní Bẹẹrẹ kò gbóná ju nǹkan bíi 180 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ Haber àti Bosch ń fẹ́ 400 sí 500. Ìfúnpọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ ojú ayé, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí fọ́kanáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ tí ayé ń jẹ lónìí, ara iṣẹ́ yìí ló ti wá, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n inú gáàsì ilẹ̀ ni a ti ń yọ háídírójìn rẹ̀. Fún tọ́ọ̀nù amóníà kan, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń bá a jáde lè tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ sí méjì. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè kéré. Ìdí nìyẹn tí ajílẹ̀ wa fi ń ti Lẹ́kì tàbí ẹ̀gbẹ́ Port Harcourt wá, tí ọkọ̀ ń gbé e gba títì tí ẹ mọ̀, tí owó ọkọ̀ sì ń gorí owó àpò kí ó tó dé Ṣakí.

Ìbéèrè tiwa nìyí: ṣé a lè ṣe é lọ́nà ti kókó ẹ̀wà, nínú omi, ní ooru ilé lásán, kí iná mànàmáná sì dípò ṣúgà? Bí oòrùn bá ń ràn sórí páńẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé àgbẹ̀, ṣé ẹ̀rọ kékeré kan nísàlẹ̀ òrùlé náà lè máa ṣe amóníà fún oko rẹ̀ nìkan?

Ẹ̀rọ tí a fi ń dán an wò kò díjú láti wò. Ìgò gíláàsì méjì ni, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pààlà sáàárín wọn. Ní ìgò àkọ́kọ́, iná ń tú omi: ọ́síjìn á fò lọ, háídírójìn tó ti bọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ (ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná rìn) á gba inú awọ kọjá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba inú wáyà. Ní ìgò kejì, à ń fẹ́ náítírójìn wọnú omi kó máa hó, pépà èédú tí a fi amúṣẹ́yá kùn sì wà nínú omi náà. Amúṣẹ́yá ni mo ń pe ohun tó ń mú iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Irin ni amúṣẹ́yá Haber àti Bosch. Èédú ni tiwa. Orí èédú náà ni náítírójìn méjì tó di ara wọn mú, háídírójìn mẹ́fà àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà ti gbọ́dọ̀ pàdé kí amóníà méjì tó lè jáde.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ dúró sí Ìwó Ròódù ní aago méje àárọ̀. Màmá àgbà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù mẹ́ta tí a so pọ̀, wọ́n fẹ́ wọ Máíkírà, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ẹnì kan bá wọn tú ẹrù náà kí ó tó wọ inú búùtù. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ tí wọn kò gbé nǹkan kan dání. Kí dẹ́rẹ́bà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ran màmá lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ́ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti kún. Háídírójìn ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré tó o láti di gáàsì kó sì máa fò lọ. Ó wá burú sí i nítorí náítírójìn kì í fẹ́ yòrò nínú omi: nínú lítà omi kan ní ooru yàrá, náítírójìn tó lè yòrò kò tó gíráàmù kan, kò tilẹ̀ ju nǹkan bí ìdá àádọ́ta gíráàmù lọ. Màmá ẹyọ kan ni, àwọn ọ̀dọ́ sì pọ̀ bí eṣú. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a bá rán níṣẹ́, bí mẹ́wàá bá dé ọ̀dọ̀ náítírójìn, àwọn onímọ̀ á kọ̀wé nípa rẹ̀.

Kí ló wá dé tí a fi yan èédú? Nítorí pé irin máa ń fẹ́ràn háídírójìn, èédú ní tirẹ̀ kò náání rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ èédú tó pé pérépéré, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, kò náání náítírójìn náà. A ní láti dá àbùkù sí i lára. Inú pẹ́ńsù, ojú pẹlẹbẹ lórí ojú pẹlẹbẹ ni kábọ́ọ̀nù tò sí, bí ihò afárá oyin. Bí a bá yọ átọ́ọ̀mù kan kúrò lójú kan, tí a fi bórọ́ọ̀nù dípò rẹ̀, ìjókòó kan ṣófo níbẹ̀, nítorí bórọ́ọ̀nù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan dín sí ti kábọ́ọ̀nù. Náítírójìn tó ń kọjá lọ á na ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ sí ìjókòó tó ṣófo náà, èédú náà á sì fi ọwọ́ kejì ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn padà sáàárín náítírójìn méjèèjì, níbi tí wọ́n ti di ara wọn mú. Ọwọ́ kan ń gbà, ọwọ́ kan ń fúnni, ìdì mẹ́ta náà sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi átọ́ọ̀mù irin tàbí mólíbídẹ́nọ́ọ̀mù ẹyọ kọ̀ọ̀kan gúnlẹ̀ sójú èédú, bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ẹ̀wù lọ́ṣọ̀ọ́, kí átọ́ọ̀mù kankan má baà ṣòfò lábẹ́ òmíràn.

Èédú tún ní àyè. Gíráàmù kan èédú tí a ṣe dáadáa, bí a bá tẹ́ gbogbo ojú ihò inú rẹ̀ sílẹ̀, lè fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n jẹ́ mítà 105 sí 68. Nítorí náà, gíráàmù méje èédú, èyí tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, lè tẹ́ gbogbo koríko pápá ìṣeré Adámásìngbà. A tún lè ṣe é kí omi máa bọ́ lára rẹ̀ bíi ti ewé kókò. Ẹ mọ bí omi ṣe ń yí gbirigbiri lórí ewé kókò tí ewé náà kò sì tutù. Bí ojú èédú bá rí bẹ́ẹ̀, omi tó ń gbé háídírójìn wá kò ní rọ́nà rọ́ bò ó, gáàsì náítírójìn á sì ti ẹ̀yìn pépà dé ibi iṣẹ́ láìkọ́kọ́ yòrò nínú omi. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn ewé kókò yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ irin tí a so mọ́ èédú lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í kà á sí.

Èédú kò sì wọ́n ní Ìbàdàn. Èèpo ekùrọ́ wà, èèpo àgbọn wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èèpo kòkó, tí wọ́n ń kó jọ gègèrè sábẹ́ igi kí ó máa jẹrà. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ̀ láti ayébáyé pé eérú èèpo kòkó dára: wọ́n á jó èèpo náà, wọ́n á da omi sí eérú rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi omi náà se epo títí yóò fi di ọṣẹ. Ohun tó wà nínú omi eérú náà ni pọ̀tásíọ̀mù. Pọ̀tásíọ̀mù yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ èédú ń lò káàkiri ayé láti fi lu èédú ní ihò nínú iná tó tó 700 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà, inú èèpo kan ṣoṣo ni èédú àti ohun tí yóò lù ú ní ihò ti wà. Mo ti bẹ ìyá ọlọ́ṣẹ kan wò nídìí ìkòkò wọn. Wọ́n fi ìka kan omi eérú náà, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n ní, "Kò tíì tó, ó kù díẹ̀." Mo padà sílé-iṣẹ́, mo fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Kò tó lóòótọ́.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín báyìí, nítorí òun gan-an ni mo torí rẹ̀ gbà láti wá. Ọdún kejì ìwádìí mi ni. Mo ti jó èèpo ekùrọ́, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti pò ó mọ́ ajílẹ̀ yúríà, mo sì ti tún un jó ní 800 kí náítírójìn inú yúríà lè wọ inú èédú náà, kó dá àbùkù tí mo fẹ́ sí i lára. Mo fi í sínú ẹ̀rọ, mo fẹ́ náítírójìn sí i fún wákàtí méjì, mo mú nínú omi rẹ̀, mo da oògùn tí a fi ń mọ amóníà sí i. Bí amóníà bá wà, omi náà á di búlúù. Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ó ti dúdú bí ẹtù. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo sọ fún wọn pé mo ti fi èèpo ekùrọ́ tí wọ́n ń dà nù mú ajílẹ̀ jáde láti inú afẹ́fẹ́. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì wúre fún mi.

Ọ̀gá mi wo ìgò náà láárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan: "Ibo ni amóníà yìí ti wá?" Mo ní láti inú afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní, "O fi ágọ́ọ̀nù dán an wò?" N kò fi ágọ́ọ̀nù dán an wò. Ágọ́ọ̀nù jẹ́ gáàsì tí kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀, kò sì sí náítírójìn nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ágọ́ọ̀nù dípò náítírójìn, kò yẹ kí amóníà kankan jáde. Mo ṣe é. Ìgò ágọ́ọ̀nù náà di búlúù. Mo gbé ìgò méjèèjì sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n kò lè mọ èwo ni èwo. Mo wá fi èédú náà sínú omi láìtan iná rárá, ó ṣì mú àwọ̀ díẹ̀ wá.

Ara èédú náà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń bọ́. Yúríà tí mo fi bọ́ ọ ló ń pọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìyókù, awọ tó pààlà sáàárín ìgò ti mu amóníà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń tú u sílẹ̀. Ẹnì kan tún máa ń ṣí ìgò amóníà lórí tábìlì kejì nínú yàrá kan náà. Èémí ẹnu wa ní amóníà nínú. Ìbọ̀wọ́ lè ní. Ẹ rántí pé iye tí a ń wá kéré jọjọ: nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ máíkírógíráàmù 10 tàbí 20 fún wákàtí kan. Hóró iyọ̀ kan ṣoṣo wúwo ju ìyẹn lọ. Oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ yẹn gbà mí, ó sì dùn mí wọra. Èyí tó nira jù nínú rẹ̀ ni fóònù kejì tí mo ní láti pe ìyá mi.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Denmark, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìlànà jọ nípa bí a ṣe gbọ́dọ̀ wádìí amóníà kí a tó pariwo, wọ́n sì fi ìlànà náà dán oríṣiríṣi irin wò. Nínú omi, wọn kò rí èyí tó dúró. Lítíọ́ọ̀mù, irin fúyẹ́ kan, nínú oògùn tí kì í ṣe omi ló dúró. Ohun tí wọ́n gbé ìlànà wọn lé ni náítírójìn tó wúwo. Náítírójìn ojú ayé, 14 ni ìwọ̀n tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 15, wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì wọ́n lówó. Bí o bá fẹ́ ti 15 nìkan wọnú ẹ̀rọ, amóníà tó bá ti inú gáàsì náà wá lóòótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 15. Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní NMR, amóníà ti 14 ń fa ìlà mẹ́ta, ti 15 ń fa méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilà ojú mọ ohun tí mo ń wí. Kò sí bí àlejò ṣe lè sọ pé ọmọ ilé yìí ni òun tí ilà ojú rẹ̀ kò bá bá ti ilé mu. Gáàsì 15 fúnra rẹ̀ máa ń ní ìdọ̀tí amóníà nínú, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi omi kíkan fọ̀ ọ́ á tún jìn sí kòtò mìíràn.

Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí: bí èédú rẹ bá ní náítírójìn nínú, wọ̀n ọ́n. Bí gbogbo amóníà tí o rí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò bá pọ̀ ju náítírójìn tí èédú náà gbé wá láti ilé, má tíì sọ pé afẹ́fẹ́ ló ti wá. Tèmi ni pé èédú oníbórọ́ọ̀nù dára ju oníyúríà lọ láti fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe torí pé ó yára jù, bí kò ṣe pé kò lè fi náítírójìn ara rẹ̀ tan ọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí a dé. Àpò yúríà kan jẹ́ kìlógíráàmù 50, 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ náítírójìn, ìyẹn kìlógíráàmù 23. Láti rí i, a nílò amóníà kìlógíráàmù 28 ó dín díẹ̀. Bí amúṣẹ́yá bá ń mú máíkírógíráàmù 10 jáde ní wákàtí kan lórí ibi tó fẹ̀ tó èékánná, tí a sì kùn ún sórí pépà tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, ọdún 32 ni yóò fi ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí amóníà àpò kan tó pé. Iná ńkọ́? Bí gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá jíṣẹ́, ní fólítì 2, yóò jẹ nǹkan bíi yúníìtì 264. Bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bá jíṣẹ́, yúníìtì 2,640 ni, ẹ̀yin tí ẹ ń ra káàdì iná sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. N kò sọ ọ́ láti mú ọkàn ẹnikẹ́ni rẹ̀wẹ̀sì. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó bá wá sí oko yín lónìí láti ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ra á.

Iṣẹ́ lítíọ́ọ̀mù ti lọ jìnnà: ní 2022, wọ́n kéde láti Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà pé ó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jíṣẹ́, lábẹ́ ìfúnpọ̀ ìlọ́po 15 ti afẹ́fẹ́ ojú ayé. Àmọ́ lítíọ́ọ̀mù ń jẹ fólítì púpọ̀, kò sì fẹ́ rí omi sójú.

Ibi tí mo rò pé èédú Ìbàdàn yóò ti kọ́kọ́ wúlò súnmọ́lé ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ronú kànga tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣálángá tàbí ṣọ́kàwéè, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú àwọn àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra. Náítíréètì, ìyẹn náítírójìn tó so mọ́ ọ́síjìn, ń jò wọnú irú omi bẹ́ẹ̀, ó sì léwu fún ọmọ ọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kò fẹ́ kó ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Náítírójìn ni náítíréètì náà ní nínú, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ kò le rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì mẹ́ta inú afẹ́fẹ́, ó sì ń yòrò nínú omi wọ̀ọ̀. Ẹ̀rọ kan náà, èédú kan náà, irin díẹ̀ lójú rẹ̀, lè sọ ọ́ di amóníà, kí amóníà náà sì lọ sóko. Orí rẹ̀ ni mo fi ọdún mẹ́ta tó kọjá ṣe iṣẹ́, mo sì ń fi náítíréètì tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ ti 15 dán an wò kí n tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, bàbá àgbẹ̀ kan dìde, wọ́n ní ṣé kí àwọn má ra fàtíláísà lọ́dún yìí. Mo ní kí wọ́n rà á, bàbá, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹ̀wà tàbí sóyà tẹ̀lé àgbàdo lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, kí wọ́n hú gbòǹgbò kan wò ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí wọ́n la kókó rẹ̀ wò bóyá ó pupa. Bí kò bá pupa, kí wọ́n béèrè ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, nípa irúgbìn sóyà tó ń bá bakitéríà ilẹ̀ wa rẹ́. Láti 1967 ni wọ́n ti wà níbí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ṣe lórí sóyà kò kéré.

Ọmọbìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló béèrè kẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ń la igi ní ọjà pákó Bódìjà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fi lẹ́búlẹ́bú igi tó ń já bọ́ lábẹ́ ayùn ṣe èédú irú èyí. Mo ní ó lè ṣe é. Mo ní kó kọ́kọ́ wọn náítírójìn inú igi náà kó tó jó o, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá jó o tán, kó sì mọ orúkọ igi tó ti wá. Ó bi mí pé igi márùn-ún ló ń dàpọ̀ lábẹ́ ayùn bàbá òun, ṣé kí òun ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.